Tírélà Sójà Tí Bàbá Mi Sọ Di Ilé

Òórùn kan wà tí mi ò lè fara dà títí di òní: òórùn irin tó ti dípẹtà nínú òjò, tí wọ́n wá fi kẹrosíìnì nù. Bí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà, tí òórùn yẹn sì kàn mí nímú, ojú á ti tì mí kí n tó rántí ohun tó ń tì mí lójú. Ọdún ti pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, mo ti di ọ̀gá ilé ìwé tí àwọn ọmọ ń rí tí wọ́n ń sá, síbẹ̀ irin dídípẹtà ṣì lè sọ mí di ọmọ ọdún mọ́kànlá láàárín títì.

Àárọ̀ Sátidé kan ló kọ́kọ́ wọ ilé wa. Ọdún kejì lẹ́yìn ìyàn ńlá ni, ìyàn tí ẹnikẹ́ni tó gbé Ghana nígbà yẹn kò ní béèrè pé èwo ni, tí egungun ọrùn kálukú yọ síta bí ẹ̀gbà ọrùn. Fante New Town là ń gbé ní Kumasi, nínú agboolé kan tó ní yàrá mẹ́jọ àti gbàgede sìmẹ́ǹtì láàárín. Ìyá mi ń ro kóòkó, ògì gbígbóná tí à ń mu láàárọ̀, lọ́wọ́, òórùn atalẹ̀ inú rẹ̀ ti gba gbogbo àgbàlá, nígbà tí mo gbọ́ Lándírófà bàbá mi lójú títì. Bàbá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ọkọ̀ yẹn jọ láti ara òkú ọkọ̀ mẹ́ta ní Mágásíìnì, ọgbà àwọn mẹkáníìkì tó ti ń ṣe wẹ́dà. A máa ń dá a mọ̀ láti òkèèrè nítorí ó máa ń húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó kú. Lọ́jọ́ náà, ariwo mìíràn ń tẹ̀ lé ikọ́ rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń wọ́ ìkòkò irin lórí òkúta.

A sáré jáde. Tírélà kan ló so mọ́ ìdí Lándírófà. Kì í ṣe irú gbọọrọ tó ń kó sìmẹ́ǹtì o, kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, irú èyí tí àwọn sójà máa ń fi ru omi àti ẹrù wọn wọ igbó. Àwọ̀ ewé ara rẹ̀ ti ń ṣí, ìpẹtà ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lu, koríko ti hù ní igun kan nínú rẹ̀, ó tilẹ̀ ti ń tanná. Nọ́ńbà funfun tí àwọn sójà kọ sí i ṣì hàn gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá mi bọ́ sílẹ̀, ó gbọn eruku lára, nígbà tí kò sì rí ẹni tó kí i, ó kí ara rẹ̀ kú oríire.

Ìyá mi dúró pẹ̀lú omorogùn lọ́wọ́. "Bàbá Ràmátù, kí lẹ fẹ́ fi eléyìí ṣe?"

"Ilé ni," bàbá mi dáhùn. "Ilé tí a ó máa wọ́ lọ sínú igbó. A ó máa lọ sùn síbẹ̀, a ó máa gbatẹ́gùn."

"Ẹni tí Ọlọ́run fún ní yàrá méjì nígboro, tó tún ń wá ibi tí yóò sùn nínú igbó. Ṣé kí n ránṣẹ́ pe Alfa ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, nítorí kì í ṣe ẹni tí yẹ̀yẹ́ ń bí nínú. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ti bá òyìnbó awọnlẹ̀ kan ṣiṣẹ́ nínú igbó. Òyìnbó yẹn ní irú tírélà bẹ́ẹ̀, tó ní ibùsùn, tó ní àpótí ìdáná, tó ní tapólì tí wọ́n ń ta bí òrùlé. Òyìnbó á sùn sínú rẹ̀, bàbá mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á tẹ́ ewé sílẹ̀ lábẹ́ igi. Ó máa ń sọ fún wa pé lórí ewé yẹn, tí kòkòrò ń jẹ òun, ni òun ti sọ pé ọmọ òun náà yóò sùn nínú irú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹlòmíràn ń fẹ́ kọ́lé alájà, èyí tí bàbá tèmi ń fẹ́ nìyí.

Alhaji Búsàrí ló bá a lọ rà á. Àwa ọmọdé ń pè é ní Bàbá Alhaji. Adúgbò kan náà ni wọ́n ti bí òun àti bàbá mi ní Ìlọrin, lọ́rì kan náà ló gbé wọn wá sí Kumasi, nígbà tí ìjọba sì lé àwọn àjèjì lọ́jọ́sí, wọ́n jọ lọ ni, wọ́n sì jọ padà wá. Ó ń ta àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Adum. Kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í yà sílé wa lẹ́yìn ìrun Alásárì, kó jókòó sórí ẹní, kó máa gé obì, kó sì máa bá bàbá mi jiyàn lórí ohun tí kò kan ẹnì kankan. Ọmọ rẹ̀ Sàádátù ni èmi náà ń bá ṣeré. Bí àwọn èèyàn bá rí ọ̀kan nínú àwọn bàbá méjèèjì, wọ́n á béèrè èkejì.

Ní bárékè, wọ́n ń ta àwọn ẹrù sójà tó ti gbó ní gbàǹjo. Jímọ̀ mẹ́ta ni bàbá mi àti Bàbá Alhaji fi lọ síbẹ̀ kí ìwé tó parí. Bàbá Alhaji náà ti fojú sí tírélà yẹn, ó fẹ́ máa fi kó ọjà, ṣùgbọ́n nígbà tó rí bí ojú bàbá mi ṣe rí, ó fi í sílẹ̀ fún un. Sájẹ́ǹtì kan tó ń tiro ló di ìwé náà mú. Bàbá mi ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn tí tírélà ti wálé: bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì, bó ṣe mú wọn jókòó sábẹ́ máńgòrò, bó ṣe ní kí wọ́n tún padà wá ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń ṣa ẹ̀wà. Kò sí ẹni tó rántí pé etí mi ò dí.

Oṣù márùn-ún ni bàbá mi fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ní Àìkú, tí kì í lọ sí Mágásíìnì, inú àgbàlá wa ló ti ń ṣe é. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà dànù, ó fi kẹrosíìnì nù ún, ó gé ìdí rẹ̀ tó ti lu, ó sì jó irin tuntun mọ́ ọn. Ó gbé e ga kúrò nílẹ̀, ó fi táyà ńlá sí i kó lè gun òkúta kó sì la ẹrẹ̀ kọjá. Ó ṣe àpótí kan sí ẹ̀yìn tó jẹ́ pé bí o bá fà á, sítóòfù á yọ síta pẹ̀lú tábìlì tí wọ́n fi ń gé ẹ̀fọ́. Ó ṣe ibi tí àgbá omi máa jókòó sí. Ó ṣe ibùsùn méjì tó ń ká mọ́ ara, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. "Ti ọ̀tún yìí, ti ìdílé Búsàrí ni," ló máa ń wí. Ọ̀dà nìkan ni kò rí rà, nítorí ó ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Nítorí náà àwọ̀ ewé sójà àti nọ́ńbà funfun yẹn wà lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ ò ní gbàgbé ohun tí ọ̀rọ̀ sójà jẹ́ nígbà yẹn. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ń ya wọ ọjà, tí wọ́n ń dá ẹrù àwọn obìnrin síta, tí wọ́n ń na ẹni tí wọ́n bá ní ó kó ọjà pamọ́. Kàlábúlè ni wọ́n ń pe irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì tó láti mú kí àgbàlagbà obìnrin gbọ̀n. Ìyá mi tó ń ta aṣọ máa ń kó ìdì aṣọ sí ìsàlẹ̀ garawa àgbàdo. Nígbà tí mò ń sọ yìí, wọn ò ya wọ ọjà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ò tíì kúrò lára ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwọn èèyàn sì bẹ̀rù ju sójà lọ ni aládùúgbò tó ń sọ fún sójà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá mi fẹ́ dán sípíríǹgì tírélà náà wò, ó sì wá gbé mi nílé ìwé ní Dichemso. Òjò ti rọ̀. Ó gba inú ọ̀gbàrá gbogbo kọjá tinútinú, tírélà ń fò lẹ́yìn rẹ̀, ẹrẹ̀ ń ta sókè. Kíláàsì wa ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Akosua, tí ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní ìlà kan náà pẹ̀lú ìyá mi lọ́jà, nawọ́ sí i, ó sì kígbe ní Twi: "Ràmátù, wo papa bɔla kaa no aba o!" Pé ọkọ̀ akólẹ̀ bàbá mi ti dé. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń di imú wọn. Ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí bàbá mi gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ó rò pé wọ́n ń kí òun ni, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ọwọ́ tó gbé sókè yẹn ló dùn mí jù. Bó bá jẹ́ pé ó gbọ́, tó sì bínú, bóyá ǹ bá gbèjà rẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ó ń juwọ́ sí ẹni tó ń bú u, òun sì ni inú bí mi sí, kì í ṣe àwọn. Mo wọ ọkọ̀, mo tẹ orí ba títí a fi délé. Ó bi mí pé ṣé orí ń fọ́ mi ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà ìsinmi, Akosua tún bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti la ẹnu mi. Twi ni mo fi sọ ọ́, kó lè wọ̀ wọ́n lára dáadáa. Mo ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ò mọ̀ pé àwọn sójà ló fún bàbá mi ní ọkọ̀ yẹn ni? Ó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Gbogbo Jímọ̀ ló ń lọ sí bárékè. Sájẹ́ǹtì kan tó ń tiro ló máa ń dúró dè é. Ẹni tó bá kó ọjà pamọ́, bàbá mi á dárúkọ rẹ̀, sájẹ́ǹtì á kọ ọ́ sílẹ̀."

Ẹ̀rín dá wáí. Mi ò tíì rí ohun tó ṣiṣẹ́ kíákíá bẹ́ẹ̀ rí. Akosua wò mí, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó béèrè pẹ̀lú ohùn kékeré bóyá wọ́n ti kọ ìyá òun. Mo ní ọwọ́ òun Akosua ló kù sí. Ó pín bòfúróòtù ọwọ́ rẹ̀, pọ́ọ̀fùpọ́ọ̀fù àwọn ará Ghana, sí méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi. Mo jẹ ẹ́. Irọ́ ni màá pa bí mo bá ní kò dùn.

Ìyá mi ní òwe kan tó máa ń pa bí mo bá ń sọ̀rọ̀ láìronú: "Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí kò wọ etí mi mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo rí bí ó ṣe ń fọ́. Àwọn bàbá tó máa ń wá jókòó sórí ẹní pẹ̀lú bàbá mi lẹ́yìn Alásárì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ọ̀kan ní òun máa wá lọ́la. Bàbá Alhaji nìkan ni kò yẹsẹ̀, ó ń wá, ó ń gé obì, ó ń jiyàn, kò sì gbọ́ nǹkan kan nítorí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì kò ṣeé dá sí, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́ létí rẹ̀. Bí ìyá mi bá tọjà dé, á ní, "Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún àwọn obìnrin wọ̀nyí. Bí mo bá ti dé, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn." Oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án, ó sì nílò àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ṣé mo mọ̀ pé èmi ni? Mo mọ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí mi ò mọ̀.

Ìyá mi bí ọmọkùnrin. Ní ọjọ́ kẹfà, Alfa Àgbà, tó ń ṣe ìmáàmù fún àwa ará Ìlọrin, wá kí wa. Àgbà ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mò ń fọ aṣọ ọmọ lẹ́bàá ògiri, gbogbo ohun tí wọ́n sọ ni mo gbọ́.

"Sálíù," ló pe bàbá mi. "Wọ́n ní o ń dárúkọ ènìyàn fún sójà."

Bàbá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀? Irú sójà wo, Alfa?"

"Wọ́n ní àwọn ló fún ọ ní tírélà yẹn. Wọ́n ní Jímọ̀-Jímọ̀ lo ń lọ bá wọn, pé sájẹ́ǹtì kan tó ń tiro ló ń kọ orúkọ náà sílẹ̀. Èmi ò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó dára kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá mi. "Tó ń tiro?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí."

Ó yíjú sí tírélà rẹ̀ nínú àgbàlá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Alfa, ní gbogbo Kumasi yìí, ènìyàn méjì ló bá sájẹ́ǹtì yẹn jókòó. Èmi kan, Búsàrí kejì. Òun náà sì fẹ́ tírélà yẹn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà."

"Má kánjú," ni Alfa wí. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bi í léèrè ná."

"Kí ni mo fẹ́ bi í? Ta ló tún mọ̀?"

Mo wà ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́fà sí wọn. Ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá tó. Ẹ̀yin tó ń ka èyí lè rò pé ẹgba ni mo bẹ̀rù. Rárá o, bàbá mi kì í nà mí. Ìyá rẹ̀ tó bí i ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ mí, "ìyá mi" ló máa ń pè mí, kò sì lè gbé ọwọ́ lé ìyá rẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀rù ni pé bí mo bá jẹ́wọ́ irọ́ náà, ó di dandan kí n sọ ìdí tí mo fi pa á. Màá ní láti sọ fún un pé tírélà rẹ̀ tì mí lójú, pé òun fúnra rẹ̀ tì mí lójú, níbi tó ti ń juwọ́ sí àwọn ọmọ. Mo fọ aṣọ ọmọ náà títí ọwọ́ mi fi bó.

Ọjọ́ kẹjọ pé, a ṣe súnà, bí àwọn Mùsùlùmí Kumasi ṣe ń pe ìsọmọlórúkọ. Láàárín àwọn ènìyàn wa, a kì í pe ẹnikẹ́ni sí i. Ẹni tó bá gbọ́ á wá, nítorí àtiwá náà ni wọ́n fi ń sọ pé a jẹ́ tìrẹ. Nígbà tí wọ́n sọ ọmọ tó ṣáájú rẹ̀ lórúkọ, àwọn ènìyàn kún àgbàlá débi pé àwọn kan dúró sójú títì. Lọ́jọ́ yìí, a tẹ́ ẹní mọ́kànlá. A pa àgbò. Ìyá mi àti àwọn ará ilé ti se wààkyé, ìrẹsì tí a sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, ìkòkò ńlá méjì láti ìdájí. Oòrùn yọ, ó ń gun òkè. Alfa Àgbà dé pẹ̀lú ọmọ kéwú méjì. Maame Yaa, ìyá àgbà Ashanti tó ni ilé tí à ń gbé, fi gèlè bo orí bí ó ti yẹ, ó jókòó sórí ẹní kan, ó ń wò yíká. Àwọn tó wá tán nìyẹn. Bàbá mi wọ aṣọ funfun tuntun, ó ń tún ẹní tí kò wọ́ ṣe.

Nígbà náà ni Bàbá Alhaji wọlé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti Sàádátù. Igbá obì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. "Ei, me nua," ló ń pe bàbá mi, ìyẹn ọmọ ìyá mi. "Ṣé mo tètè dé jù ni? Àwọn èèyàn dà?"

Bàbá mi lọ pàdé rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó fẹ́ gbá a mọ́ra. "Búsàrí, gbé obì rẹ padà."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò gba obì lọ́wọ́ rẹ. Àwọn èèyàn tí ò ń béèrè, ìwọ lo lé wọn."

"Sálíù. Nítorí Ọlọ́run, kí ni mo ṣe?"

"O mọ ohun tí o ṣe."

Ẹni tó bá dàgbà láàárín wa mọ ohun tó jẹ́ láti kọ obì ẹni tó wá bá ọ sọ ọmọ lórúkọ. Ìjà lásán kọ́ nìyẹn. Ó ń sọ fún un pé ohun tó wà láàárín wọn ti kú. Bàbá Alhaji tún na igbá náà sí i, bí ẹni pé eré ni, bàbá mi sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í. Obì dà sílẹ̀, ó ń yí kiri lórí sìmẹ́ǹtì. Alfa Àgbà ń wí pé, "Ẹ fi sùúrù ṣe é, ẹ fi sùúrù ṣe é," ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́. Sàádátù kúnlẹ̀, ó ń ṣà á. Mo gbé àwo dàbínù ọwọ́ mi sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ tì í, mo bá a ṣà á. Omijé ń bọ́ lójú mi, ó ń bọ́ lójú tirẹ̀ náà. Nígbà tí a ṣà á tán, ó wò mí, ó ní, "Ràmátù, o ṣeun."

Wọ́n lọ. Alfa Àgbà sọ ọmọ lórúkọ, Làtífù. A pín oúnjẹ fún gbogbo Fante New Town, ẹni tó gbà á gbà á, ẹni tí kò gbà á ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìyá mi pé ogójì ọjọ́, bàbá mi ní a máa lọ sí igbó wa ni dandan. A kó sínú Lándírófà, a wọ́ tírélà náà lọ sí etí adágún Bosomtwe. Ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kò dára rárá nígbà yẹn, òkúta àti ẹrẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tírélà náà ń tẹ̀ lé wa wọ́ọ́rọ́wọ́, kò tilẹ̀ fi ìdí gbálẹ̀. Kí n sọ òtítọ́, ohun tó dára ni. Bàbá mi ta tapólì, ó fa àpótí ìdáná síta, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ìyá mi ti ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí omi, ó sì ti gbàgbé láti bú u. Apẹja kan wá bẹ bàbá mi pé kó má fi garawa onírin pọn omi adágún, pé irin jẹ́ èèwọ̀ fún un. Bàbá mi ní, "Wẹ́dà ni mí, kí ni mo ní tí kì í ṣe irin?" Ó rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ súnà. Igbá ni a fi pọn omi.

Lẹ́yìn Alásárì, mo rí i tó tú ibùsùn apá ọ̀tún sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Ó dúró tì í fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún ká a padà, ó fi ìkọ́ há a. Ó lọ jókòó sórí òkúta kan. Mo gbọ́ tó ń wí fún ìyá mi pé, "Ó lé ní ogún ọdún tí èmi àti Búsàrí ti jọ ń rìn. Kí ni mo fi ṣe é?" Mo lọ bá a. Mo ti pinnu, mo ti to ọ̀rọ̀ náà sí ẹnu.

"Bàbá."

Ó yíjú sí mi. "Kí ni, ìyá mi?"

Bí ó ṣe pè mí ní ìyá rẹ̀ ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Mo ní, "Mo fẹ́ lọ tọ̀." Ó dìde, ó mú mi lọ́wọ́ lọ sí etí igbó, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń fi orin díẹ̀ dá mi lójú pé òun ṣì wà níbẹ̀. Mo lóṣòó lásán, kò sí ìtọ̀ kankan.

A ò lọ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ta tírélà náà fún ẹnì kan tó ń kó èédú. Nígbà tó pẹ́ tí sójà kò mú ẹnikẹ́ni, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jókòó sórí ẹní bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Kò sí ẹni tó sọ pé òun ṣàṣìṣe. Bàbá mi sì dárí jì wọ́n, nítorí lójú rẹ̀, wọ́n kàn gbọ́ irọ́ ni. Ẹni tó pa á ni kò dárí jì. Òun àti Bàbá Alhaji ń kírun ní mọ́sáláṣí kan náà fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án, wọn ò sì kí ara wọn. Nígbà tí Bàbá Alhaji kú, mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo wálé fún ìsinmi. Wọ́n wá sọ fún bàbá mi ní Mágásíìnì. Ó ní kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ó fa ìbòjú rẹ̀ wálẹ̀, ó ń jó irin lọ. Kò lọ síbi ìsìnkú. Èmi lọ. Mo dúró láàárín àwọn obìnrin, mo kí wọn pé ẹ kú àfẹ́kù, mo sì padà sílé.

Bàbá mi padà sí Ìlọrin, níbi tí èmi náà ti ń gbé, lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí. Mo tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Àwọn àbúrò mi máa ń sọ pé kò sí ọmọ tó tọ́jú bàbá bíi tèmi, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n wí.

Lọ́dún tó kọjá, Sàádátù rí nọ́ńbà mi gbà, ó pè mí láti Kumasi. Inú ọ́fíìsì mi ni mo wà. Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé ó parọ́ mọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, èmi ni mo ní kó kúnlẹ̀. Èmi àti Sàádátù rẹ́rìn-ín, a béèrè ọmọ ara wa, Twi ń bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu bíi ti àtijọ́. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Ràmátù, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ bi ẹ́. Kí bàbá mi tó kú, orúkọ Bàbá Sálíù ló ń pè. Ó ń wí pé, 'Ẹ bá mi bi í, kí ni mo ṣe?' A ò rójú bi í. Ó ń dùn mí títí di òní. Ṣé bàbá yín sọ ọ́ fún ẹ rí?"

Mo wo ọmọ tó wà lórí eékún. Mo ní, "Sàádátù, èmi náà ò mọ̀ o. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni."

Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti sùn re. Irọ́ àkọ́kọ́, ọmọ ọdún mọ́kànlá ló pa á, mo sì ti ń bá a wá àwáwí látijọ́: ó kéré, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń rìn dé. Èyí tí mo pa lórí fóònù yìí, àwáwí wo ni màá bá a wá? Àwọn bàbá méjèèjì ti kú. Kò sí ẹni tí yóò nà mí, kò sí ẹni tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Bí wọ́n bá gbé ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn àti èmi ka orí ìwọ̀n, òun ló sàn. Òun tiẹ̀ sunkún nígbà tó ń ṣa obì.

Lórí fóònù lọ́jọ́ náà, Sàádátù mí kanlẹ̀. Ó ní, "Kò burú. Kí Ọlọ́run forí jin àwọn méjèèjì."

Mo ní, "Àmín."